Ìyá Agogo Gbọ́ Ohùn Ara Rẹ̀

Kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Agogo, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́ orúkọ náà kẹ́yìn. Ọ̀gá ilé-ìwé ni, ó sì jẹ́ irú ọ̀gá tí ènìyàn ń rí tí á tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. Láràárọ̀ ni ó máa ń dúró sẹ́nu géètì, ọwọ́ kan ní ìbàdí, agogo ní ọwọ́ kejì. Àwọn ilé-ìwé mìíràn ti ń fi iná mànàmáná lu agogo tiwọn, ṣùgbọ́n òun ní ẹ̀rọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba aláìgbọràn. Tó bá ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀, ìró bàtà rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé, ohùn rẹ̀ á tẹ̀ lé e, òun alára á wá dé gbẹ̀yìn. Nígbà yẹn, gbogbo kíláàsì á ti pa lọ́lọ́. Àwọn tíṣà náà á ti pa lọ́lọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ni kò tíì fura sí.

Ohun tó gbé e dé ìdí ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Wọ́n ṣe ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, olóòtú sì ń dárúkọ àwọn tó jókòó síwájú. Ó dé orí ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó to oyè ìwé rẹ̀ lọ bẹẹrẹ, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí. Ó wá dé orí Ìyá Agogo, ó wojú bébà ọwọ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kà, ó ní, "A sì tún ní màmá wa níbí."

"Màmá wa" yẹn ló gbé lọ sílé. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, yàrá iwájú ilé ni ó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò bọ́ bàtà, kò sọ báàgì kalẹ̀.

"Bàbá Àwọn Ọmọ, mo fẹ́ padà sílé-ìwé."

Ọkọ rẹ̀ yọ píìnì kúrò lẹ́nu. "Padà báwo? Ṣé o kúrò níbẹ̀ rí ni?"

"Yunifásítì ni mò ń wí. Mo fẹ́ gba oyè kejì. Wọ́n ní wọ́n ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń darí ilé-ìwé."

"Wọ́n fẹ́ kọ́ ìwọ?" Ó wo ìyàwó rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Ọlọ́run á ṣàánú wọn."

Ṣùgbọ́n òun náà ló rán báàgì ìwé fún un, ó fi aṣọ ṣòkòtò tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe é, ó fi àpò kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún bírò.

Sátidé ni wọ́n ń ṣe kíláàsì. Sátidé àkọ́kọ́, Ìyá Agogo dé kí àkókò tó tó, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé bó ṣe máa ń wọ gbogbo yàrá lágbàáyé, pẹ̀lú àyà níwájú. Bí àwọn tó wà nínú kíláàsì ṣe rí i báyìí, gbogbo wọn dìde fùú. Wọ́n rò pé olùkọ́ ló dé. Ó yẹ kó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lòun náà, ṣùgbọ́n ẹnu tí àṣẹ ti mọ́ lára ti yára ju ọpọlọ lọ.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀. Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó. Ojú wá tì í láti sọ òtítọ́, ó wá wá àga kan níwájú, ó rọra fi ìdí lé e, gbogbo kíláàsì sì ń wò ó pé bóyá ìlànà ìkọ́ni tuntun nìyí. Kò pẹ́ ni ọmọbìnrin tín-ín-rín kan sáré wọlé, báàgì ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìyá Agogo wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ náà. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti pẹ́. Wá ibì kan jókòó, má sì dí àwọn tó ti dé lọ́wọ́."

Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, Mà." Ó lọ síwájú pátápátá, ó sọ báàgì kalẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó. Dókítà ni, olùkọ́ wọn.

Ẹ̀rín tó bẹ́ nínú kíláàsì lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ẹ̀ ká òrùlé. Ìyá Agogo ń wá ilẹ̀ tí yóò là kó wọ̀ ọ́. Èyí tó tún wá pa á pátápátá ni pé nígbà tó yí ojú sẹ́yìn láti mọ ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ń jáde nímú bí ẹni ń sín, Tíṣà Ìṣirò ló rí. Tíṣà Ìṣirò ilé-ìwé tirẹ̀! Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tó bá ti gbúròó bàtà rẹ̀. Bí ojú wọn ṣe kọjú síra, ẹ̀rín ẹni ẹlẹ́ni gbẹ sẹ́nu.

"Ọ̀gá," ló sọ, ó dìde díẹ̀, ó tún jókòó, ó tún dìde, kò mọ èyí tó yẹ kó ṣe.

"Jókòó," ni Ìyá Agogo wí. "Gbogbo wa la ti jókòó."

Láti ọjọ́ náà, nǹkan di méjì fún àwọn méjèèjì. Láti Ajé dé Ẹtì, Tíṣà Ìṣirò ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá," ó ń fẹsẹ̀ gún ilẹ̀ bíi ti ọmọ ogun. Tó bá di Sátidé, òun ló máa ń jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fi hàn án ibi tí wọ́n ti ń tẹ kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ ènìyàn má bàa pòórá. Ó gba máàkì jù ú lọ nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Ìyá Agogo kí i kú oríire pẹ̀lú ojú tó dà bí ẹni tó ń gbé oògùn mì.

Nígbà tó yá, olùkọ́ wọn, dókítà kékeré yẹn, fún wọn ní iṣẹ́ kan. Ó ní kí oníkálùkù fi fóònù gba ohùn ìpàdé kan tó bá darí sílẹ̀, kó padà gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó wá kọ ohun tó gbọ́. Tíṣà Ìṣirò ní òun á fi tàwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìṣirò ṣe é. Ìyá Agogo ní tòun kò ní wàhálà rárá. Bí ohun kan bá wà tóun mọ̀ ọ́n ṣe láyé, ìpàdé ni.

Ọjọ́ Ajé, ó gbé fóònù sáàárín tábìlì ní yàrá àwọn tíṣà, ó ṣàlàyé fún wọn pé iṣẹ́ ìwé òun ni, kí wọ́n má kà á sí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni ti àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì lè kàwé já gaara. Wọ́n ṣe ìpàdé, ó parí, oníkálùkù tú ká. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìpàdé náà lọ geere.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó tan fóònù sílẹ̀, ó mú bírò dání. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń bá ọmọ rẹ̀ yọ òwú kúrò lára aṣọ. Ojú màmá ti ń ṣe bàìbàì díẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú bí abẹ.

Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, màmá gbé orí sókè.

"Ìyàwó, ta ni obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò yìí?"

Ìyá Agogo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Àbí wọ́n ń jà ni? Mi ò kúkú gbọ́ ohùn ẹni tó ń bá jà."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Télọ̀ ti tẹ orí ba sórí aṣọ tó ń rán, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Màmá tún tẹ́tí. "Ó ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè. Ó tún ti dá ara rẹ̀ lóhùn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i síbòmíràn. Èmi tí mo jókòó sílé ló ti rẹ̀ báyìí, mélòó mélòó àwọn tó wà níwájú rẹ̀."

Télọ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Agogo dìde, ó he fóònù rẹ̀, ó gba inú yàrá lọ, ó sì fi ilẹ̀kùn sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ.

Nínú yàrá, ó gbọ́ ọ parí. Ohùn náà kò jọ tirẹ̀ létí ara rẹ̀. Ó le, ó yára, kì í mí. Ó dé ibì kan tí Tíṣà Ìṣirò ti lanu pé, "Mo rò pé tí a bá…" ohùn obìnrin náà sì gorí rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ," ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n wà ní ìpàdé, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kankan lanu.

Ṣé ẹ rò pé ohun tó kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn? Rárá o. Ó kọ ọ́ pé àwọn tíṣà òun kì í dá sí ọ̀rọ̀, pé ìtìjú pọ̀ lára wọn, pé ó yẹ kí ìjọba máa kọ́ tíṣà bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó fi àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tó kọ́ nínú kíláàsì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ dá a dúró lẹ́yìn kíláàsì. Ó ti gbọ́ ohùn náà, nítorí wọ́n ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́.

"Màmá, ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ọkùnrin tó sọ pé 'Mo rò pé tí a bá', kí ló fẹ́ sọ?"

Ìyá Agogo ní, "Mi ò mọ̀."

"Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ wá tún iṣẹ́ yìí kọ." Ó fi ìwé lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìyẹn sì dun Ìyá Agogo ju kó sọ ọ́ lù ú lọ.

Ó ránṣẹ́ pe Tíṣà Ìṣirò sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà wọlé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

"Jókòó. Ìpàdé ọjọ́ Ajé yẹn, o fẹ́ sọ̀rọ̀, mo já a gbà mọ́ ọ lẹ́nu. O ní, 'Mo rò pé tí a bá…' Tí a bá kí ni?"

Tíṣà Ìṣirò wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó rántí. Ẹ̀rín kékeré kan fẹ́ yọ, ó gbé e mì.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ sọ pé tí a bá lè ṣí fèrèsé ni. Ooru fẹ́ẹ̀ pa wá lọ́jọ́ náà."

Odindi ọ̀sẹ̀ tí obìnrin yìí kò sùn dáadáa! Ó wo ọmọkùnrin náà, ọmọkùnrin náà wò ó, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé tó wà níta yọjú wò wọ́n pé kí ló dé, nítorí wọn kì í rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì yẹn.

Bóyá ẹ̀rín náà ló tú u láhọ́n. Nígbà tó dìde láti máa lọ, Tíṣà Ìṣirò tún padà jókòó.

"Ọ̀gá, mo kúkú ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ. Ilé-ìwé kan ti pè mí. Tí sáà yìí bá parí, mo fẹ́ máa lọ."

Ìyá Agogo béèrè pé, "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí o. Ẹ ò kàn nílò mi ni. Mo máa ń ronú ohun tí mo fẹ́ sọ wá sí ìpàdé. Nígbà tó yá, mo jáwọ́. Gbogbo wa la ti jáwọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ máa ń máàkì ìwé àwọn ọmọ lábẹ́ tábìlì."

"Ta ni?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, Ìyá Agogo náà mọ̀ pé irú ìbéèrè yẹn gan-an ni ìṣòro. Ó mí kanlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ tò sí i lẹ́nu bí ọmọ iléèwé: ọ̀rọ̀ aláìmoore, ọ̀rọ̀ ta ló gbà ọ́ síṣẹ́, ọ̀rọ̀ ṣé o rò pé ó rọrùn. Kò sọ ìkankan. Ohun tó wá ní lẹ́nu nígbẹ̀yìn ni pé, "Kí o tó lọ, bá mi darí ìpàdé tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò lè kàwé yẹn ni. Èmi á jókòó."

"Ẹ̀yin á jókòó?"

"Mo ní mo máa jókòó."

Ó mọ ara rẹ̀, nítorí náà ó ra súìtì líle dání, irú èyí tó ń pẹ́ lẹ́nu. Bí ìpàdé ṣe bẹ̀rẹ̀, ó ju ọ̀kan sẹ́nu, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Tíṣà Ìṣirò ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni a rò pé a lè ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Agogo. Ó ń mu súìtì. Wọ́n dúró. Ó ṣì ń mu súìtì.

Igbákejì rẹ̀, àgbà obìnrin kan tí kì í fẹ́ wàhálà, na ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ara le?"

Ó mi orí pé ara òun le.

"Ṣé kí n bá yín bu omi?"

Tíṣà Orin ti dìde, ó fẹ́ gbàdúrà fún un. Ẹnì kan lẹ́yìn sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó jọ pé wọ́n ti gbé ọ̀gá lọ sílé-ìwé mìíràn, pé òun ti fura láti àná. Ìyá Agogo yọ súìtì lẹ́nu, ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe mí! Mò ń gbọ́ yín ni!" Ó tún dá a padà sẹ́nu.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, gbogbo rẹ̀ dàrú. Tíṣà Èdè ní ẹ̀bi ọwọ́ àwọn òbí ni. Igbákejì, tí kì í fẹ́ wàhálà, ní irọ́ ni, ẹ̀bi ọwọ́ àwọn tó ń fi ìwé tó le jù kọ́ ọmọ kékeré ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Súìtì kejì tán lẹ́nu Ìyá Agogo, ó ju ẹ̀kẹta sí i. Nínú ìjà yẹn ni Igbákejì ti ní, "Ọmọ mi àgbà ló kọ́ àbúrò rẹ̀ nílé, èmi ò mọ ìgbà tó mọ̀ ọ́n!" Tíṣà Èdè yí ojú sí i. Ó ní, "Tí a bá wá ní kí àwọn kíláàsì karùn-ún máa bá àwọn kékeré kàwé lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán ńkọ́?" Ìpàdé náà gùn ju gbogbo èyí tí Ìyá Agogo ti ṣe rí lọ, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó dá a lójú hán-únhán-ún pé kò ní ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ ariwo nínú gbọ̀ngàn, ó sì ti gba ọ̀nà ibẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ń rìn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti fa èémí tó fẹ́ fi pariwo sínú. Àwọn ọmọ jókòó ní méjì méjì káàkiri ilẹ̀. Àwọn kan ń ṣeré, àwọn kan ń jà lórí ẹni tí yóò ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n nítòsí rẹ̀, ọmọbìnrin ńlá kan tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ìyà jẹ lẹ́nu géètì láìmọye ìgbà ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ fún ọmọ kékeré kan, ó ń sọ pé, "Rọra, kò sẹ́ni tó ń lé ọ." Ìyá Agogo tú èémí náà síta díẹ̀díẹ̀, ó yí padà.

Kì í ṣe pé gbogbo ọmọ ló mọ̀wé o. Nígbà tí sáà máa fi parí, àwọn kan ti ń kà á já, àwọn kan ṣì ń he é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní láti pín àwọn aláriwo níyà. Ó tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ọ̀rọ̀ ńláńlá kankan nínú rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ fèrèsé, ó kọ ọ̀rọ̀ súìtì. Olùkọ́ fún un ní máàkì tó dára. Tíṣà Ìṣirò ṣì gbà jù ú lọ.

Tíṣà Ìṣirò kò yí ọkàn padà. Igbákejì ọ̀gá ni wọ́n fi jẹ ní ibi tó ń lọ, kò sì sí ẹni tó ní làákàyè tí yóò ní kó má lọ. Ọjọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀, Ìyá Agogo bá a gbé páálí ìwé dé ẹnu géètì, ó mú ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọkùnrin náà mú ẹ̀gbẹ́ kejì, Ìyá Agogo ń ní kó rọra, kó má fi fọ́ òun lẹ́sẹ̀. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Dìde jọ̀ọ́, eruku wà nílẹ̀." Ó yára fi ẹ̀yìn sí i, ó ní eruku ti kó sí òun lójú.

Ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ tó ń pín tíṣà kò tètè rí ẹlòmíràn rán wá. Sáà tuntun wọlé, kíláàsì kẹta kò ní tíṣà ìṣirò, Ìyá Agogo wá mú ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti kọ́ kíláàsì kankan gbẹ̀yìn. Ó gbé ìṣirò kan sójú pátákó, ó ṣe é débì kan, ìdáhùn tó jáde sì yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́yìn ìwé. Ó tún un ṣe. Ó tún yàtọ̀. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ń dúró de ìjì tó fẹ́ jà.

Ó sọ ṣọ́ọ̀kì sórí tábìlì. Ó nu ọwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fa àga àwọn ọmọ kan tó ṣófo, ó jókòó sáàárín wọn, ó ń wo pátákó bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Ó ní, "Ó dáa. Ta ló rí ibi tí mo ti ṣì í?"

Ọwọ́ kan lọ sókè lẹ́yìn, òmíràn tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jiyàn kí ó tó ráyè pe ẹnikẹ́ni.